Ewu Náà Tó Mélòó?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Ṣùgbọ́n ta ló ti wọ̀n ọ́n rí? Àwọn tó ń fi agbára núkílíà pèsè iná mànàmáná ò lè sá fún ìbéèrè yẹn, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe dáhùn ún.

Níbẹ̀rẹ̀, wọn kì í fi iye ka ewu. Wọ́n á ronú kan jàǹbá tó burú jù, bíi kí páìpù omi tó tóbi jù já lójijì, wọ́n á sì kọ́ ilé tó lè fara dà á. Ó parí nìyẹn. Lọ́dún 1967, Frank Farmer ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìyẹn ò tó: bí jàǹbá bá ṣe tóbi tó ló yẹ kó ṣọ̀wọ́n tó.

Lọ́dún 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Rasmussen àti ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí WASH-1400 jáde. Wọ́n gbìyànjú láti ka àwọn ohun tó lè bàjẹ́, títí kan àṣìṣe òṣìṣẹ́. Àmọ́ nínú àkópọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ewu núkílíà wé ti òkúta tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní wọ́n ti fọwọ́ sọ̀yà jù. Ní oṣù kìíní 1979, NRC, àjọ tó ń ṣàkóso núkílíà níbẹ̀, yọwọ́ kúrò nínú àkópọ̀ náà.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Three Mile Island ṣẹlẹ̀ ní Pennsylvania. Páìpù ńlá kọ́ ló já. Fáàfù kan ṣí, kò padé mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé omi ti pọ̀ jù, wọ́n dín in kù, apá kan inú ẹ̀rọ bá yọ́. Ẹ wá wò ó: ìwé Rasmussen ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé jíjò kékeré àti àṣìṣe ènìyàn ló yẹ ká bẹ̀rù jù.

Lọ́dún 1986, NRC gbé àfojúsùn kalẹ̀: ewu pé jàǹbá núkílíà á pa ará àdúgbò lójú ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 1,000 ewu gbogbo jàǹbá yòókù tó lè pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti jẹjẹrẹ. Ní 1988, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi tiwọn kún un: ewu tó bá kọjá ààlà, a ò gbà á, èyí tí kò bá kọjá, ẹ ṣì máa dín in kù títí owó rẹ̀ á fi ju èrè rẹ̀ lọ fíìfíì.

Ohun tí a rí kọ́ nìyí. Iye kì í fọkàn ènìyàn balẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ibi tí ilé ti ń jò hàn wá. Kò sì lè gbọ́ tẹnu aládùúgbò. Ẹni tó wọ mọ́tò ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ núkílíà sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í.