Orúkọ tí Ó Yẹ Ìkòkò tí Kì í Kánjú

Ẹni tí ó bá rò pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún iṣẹ́ ẹran, kí ó yà sí odò ẹran Láfẹ́nwá ní kùtùkùtù, kí ó fetí sí àwọn alápatà àti àwọn ìyá tí ń ná ọjà lọ́wọ́ wọn: ṣàkì, fùkù, abọ́dì, bókótó, pọ̀nmọ́, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín. Igẹ̀ náà wà níbẹ̀, èyí tí í ṣe ẹran àyà màlúù, tí ẹranko náà ti fi gbé ara rẹ̀ ró láti òkè Ọya, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ kún fún iṣan líle tí í máa dá eyín arúgbó lágara.

Igẹ̀ kò wá orúkọ rárá. Ìkòkò tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń sè é ni ó ń wá a. Irving Naxon ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1940, tí ilé-iṣẹ́ Rival sì gbé e jáde ní 1971 pẹ̀lú orúkọ Crock-Pot: ìkòkò amọ̀ tí iná mànàmáná yí ká, tí a dé ní ọmọrí, tí a sì fi igẹ̀ sí láàárọ̀ kí a tó ṣí i lẹ́yìn bí wákàtí 8.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn kan ti dábàá ìkòkò oníná, ṣùgbọ́n ohun tí ìkòkò ń jẹ ni ìyẹn sọ, kò sọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìkòkò alọ́ra, bẹ́ẹ̀ èébú ni ìlọ́ra láàárín wa, n kò sì mọ ìyàwó Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí agbòǹgbò-àkàlà, tí yóò gba alọ́ra mọ́ ẹrù ìyàwó rẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n rí ọkọ̀ tí ń rìn lórí irin ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ṣe ju pé wọ́n mú ọkọ̀ orí omi tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n fi ojú irin kún un, ó sì bá a mu. Bí ará Láfẹ́nwá tilẹ̀ ń pe ibùdó rẹ̀ ní rélùwéè títí di òní, kò sí ẹni tí ọ̀kan nínú méjèèjì rú lójú. Asèjẹ́jẹ́ ni èmi yóò pe ìkòkò yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ẹran inú rẹ̀. Jinná kò tó: igẹ̀ tí ó hó yaya fún wákàtí kan ti jinná, síbẹ̀ ó lè fa eyín tu. Rọ̀ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó dé gbẹ̀yìn ni ó sọ, kò sọ bí ó ti dé. Bí omi bá gbóná kọjá ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí kò sì hó, iṣan funfun inú igẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omitoro, débi pé bí omitoro náà bá tutù mọ́jú, yóò dì bí ẹ̀kọ. Yíyọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rá nìkan ni a máa ń lò ó fún nídìí ààrò, ṣùgbọ́n iṣan náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Nígbà tí àwọn àgbà sì sọ pé onísùúrù ni yóò se òkúta jinná tí yóò mu omitoro rẹ̀, wọn kò mẹ́nu kan híhó.

Ẹ jẹ́ kí a wá dán an wò lẹ́nu, bí ìyá ọkọ ti í bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀: “Ìyàwó mi, bu iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí igẹ̀ yẹn, gbé e sínú asèjẹ́jẹ́, bu omi díẹ̀ sí i, má jẹ̀ẹ́ kó hó, má sì ṣí i títí iṣan rẹ̀ yóò fi yọ́.”