Nígbà Tí Pápá Àgùntàn Di Ti Màlúù Oníwàrà

Ìtàn tiwa lónìí wá láti Nìú Sílándì, orílẹ̀-èdè kan ní ìhà gúúsù ayé, níbi tí àgùntàn pọ̀ ju ènìyàn lọ.

Ní 1982, àgùntàn ibẹ̀ tó 70 mílíọ̀nù, owó ìrànwọ́ ìjọba sì wà lẹ́yìn àwọn tó ń sìn wọ́n. Láti 1984 ni ìjọba tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó náà kúrò. Irun àgùntàn kò pa owó gidi mọ́, wàrà ló kù tó ń mówó wọlé. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Southland àti Canterbury ta àgùntàn wọn, wọ́n kó màlúù oníwàrà sórí ilẹ̀ kan náà. Lónìí, àgùntàn ibẹ̀ kò tó 30 mílíọ̀nù mọ́.

Ẹ má rò pé ẹran nìkan ni wọ́n pààrọ̀ o. Ètè àti eyín ni àgùntàn fi ń jẹko, ó lè gé e mọ́lẹ̀ pátápátá. Ahọ́n ni màlúù fi ń wé koríko kí ó tó fà á já, nítorí náà koríko kúkurú kì í kún un lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹran tí ẹ ń fún wàrà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun gan-an lójoojúmọ́. Wọ́n wá tú ọ̀pọ̀ pápá àtijọ́, wọ́n gbin ryegrass àti clover funfun. Ìbátan ẹ̀wà ni clover. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wà yín, ó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀.

Wọ́n fi wáyà oníná pín pápá sí kéékèèké, wọ́n fa omi dé ìkọ̀ọ̀kan. Bí màlúù bá jẹ ọ̀kan tán, wọ́n á kó o lọ sí òmíràn, kí ti àkọ́kọ́ sinmi. Ibi tí ìmọ̀ wọn wù mí jù nìyí: ewé ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó dá ẹran padà. Ryegrass kì í gbé ju ewé tútù mẹ́ta lọ lórí igi kan. Bí ẹ̀kẹrin bá yọ, ti àkọ́kọ́ á kú. Bí màlúù bá dé kí ewé tó pé méjì, gbòǹgbò kò tíì gba agbára padà. Bí ó bá kọjá mẹ́ta, oúnjẹ ń jẹrà lásán.

Ìtọ̀ màlúù ló dá wàhálà sílẹ̀. Náítírójìn inú rẹ̀ ju ohun tí koríko ojúkan lè lò lọ, omi sì ń gbé ìyókù lọ sínú kànga àti odò, pàápàá nínú ilẹ̀ olókùúta Canterbury. Ní 2021, ìjọba fi òfin dé ajílẹ̀ òyìnbó: náítírójìn inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 190 kílò lọ lórí hẹ́kítà pápá ìjẹko kan lọ́dún. Àwọn àgbẹ̀ kan sì ti jẹ báǹkì ní gbèsè ńlá nígbà náà. Ẹni tí clover ṣì pọ̀ nínú pápá rẹ̀ kò nílò ajílẹ̀ rírà tó ẹni tó ti jẹ́ kí ó run.