Òdòdó Róòsì Nínú Ooru àti Ọ̀rinrin: Ìtàn Láti Charleston Dé Texas

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé òdòdó róòsì kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru. Wọ́n á rà á, wọn á gbìn ín síwájú ilé, yóò tanná lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, òjò á bẹ̀rẹ̀, àmì dúdú á sì bo gbogbo ewé rẹ̀. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ọ̀pá ẹlẹ́gùn-ún lásán ni yóò kù nílẹ̀. Ẹni tó gbìn ín á wá di ẹ̀bi náà ru oòrùn, tàbí kó dì í ru ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn igi yìí fi hàn pé ibòmíràn ni ẹ̀bi náà wà. Ìdílé róòsì pọ̀ lọ jàra, ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ti ṣẹ̀ wá ló ń pinnu irú ojú ọjọ́ tí yóò lè fara dà.

Àwọn róòsì àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, irú bíi Gallica àti Alba, jẹ́ ọmọ òtútù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ń tanná láàárín ọdún, wọ́n sì nílò ìgbà ọ̀gìnnìtìn kí wọ́n tó lè sinmi dáadáa. Bí wọn kò bá rí òtútù yìí, agbára wọn a máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ti ń ṣa àwọn igi tó ń tanná láìdáwọ́ dúró gbìn, débi pé orúkọ tí wọ́n ń pè é, yuèjì, ní oṣù nínú, nítorí kò sí oṣù tí kì í yọ òdòdó. Mẹ́rin nínú irú róòsì wọ̀nyí ló di ìlúmọ̀ọ́ká nígbà tí wọ́n wọ Ìlú Ọba: Slater's Crimson China ní nǹkan bí ọdún 1792, Parsons' Pink China ní ọdún 1793, Hume's Blush ní ọdún 1809, àti Parks' Yellow ní ọdún 1824. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni a ń pè ní róòsì Tíì. Bí wọ́n ti lẹ́wà tó, òtútù London kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ilé onígíláàsì ni àwọn olówó ti ń tọ́jú wọn bí ọmọ aláìlera. Kò tíì yé ọ̀pọ̀ nínú wọn pé ohun tó jẹ́ àìlera nínú yìnyín lè jẹ́ agbára nínú ooru.

Charleston, ìlú etíkun ní South Carolina ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere. Ìlú náà gbóná, ó sì kún fún omi àti irà. Oko ìrẹsì ló sọ àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ di ọlọ́lá, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ń ṣiṣẹ́ oko náà. John Champneys jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóko ìrẹsì wọ̀nyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, róòsì kan hù nínú ọgbà rẹ̀ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Parsons' Pink láti Ṣáínà àti róòsì Musk olóòórùn dídùn. Ó ń gun igi, ó ń tanná ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, ooru kò sì dí i lọ́wọ́. Champneys' Pink Cluster ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ olóko wà lára òdòdó náà títí dòní. Orúkọ àwọn tó ro ilẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ.

Aládùúgbò Champneys kan wà tí ń jẹ́ Philippe Noisette, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó sá kúrò ní Saint-Domingue, ibi tí à ń pè ní Háítì lónìí, nígbà tí àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde gba òmìnira wọn. Noisette gbin èso róòsì Champneys, ó rí igi mìíràn tó kúrú díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń tanná léraléra, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Louis, arákùnrin rẹ̀ tí ń ta ohun ọ̀gbìn ní Paris. Báyìí ni ìdílé róòsì Noisette ṣe bẹ̀rẹ̀, ìdílé àkọ́kọ́ tí a lè sọ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló bí i.

Àwọn ìwé nípa ọgbà sábà máa ń dákẹ́ síbẹ̀. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu kàn ni Celestine, obìnrin adúláwọ̀ tó bá Noisette wá láti Saint-Domingue, tó sì bímọ fún un. Lójú òfin South Carolina, kì í ṣe aya rẹ̀. Ẹrú rẹ̀ ni, ẹrú sì ni àwọn ọmọ tí wọ́n jọ bí. Ní ọdún 1820, òfin ìpínlẹ̀ náà wá sọ pé ilé aṣòfin nìkan ló lè dá ẹrú sílẹ̀. Noisette kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aṣòfin náà pé kí wọ́n fún Celestine àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní òmìnira. Ó kú ní ọdún 1835. Lákòókò yẹn, òdòdó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti dé ọgbà àwọn ọlọ́lá Faransé, ayàwòrán Redouté sì ti yà á sínú ìwé. Ó rọrùn fún igi láti ré òkun kọjá ju kí ọmọ ènìyàn rí ìwé òmìnira gbà.

Láti ara Tíì, Ṣáínà àti Noisette ni àwọn ará Faransé ti ń mú oríṣiríṣi róòsì jáde. Ní ọdún 1867, La France dé, ọ̀pọ̀ sì ka ọdún yẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ róòsì ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n ọdún 1900 ni wàhálà tòótọ́ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń gbé nínú ooru àti ọ̀rinrin. Joseph Pernet-Ducher ní ìlú Lyon gbé Soleil d'Or jáde, róòsì aláwọ̀ wúrà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n bí ọsàn. Ìlú olótùútù àti ilẹ̀ gbígbẹ gba á tọwọ́tẹsẹ̀. Ara róòsì oníyẹ́lò kan láti agbègbè Páṣíà ni àwọ̀ yẹn ti wá. Níbi tí igi yẹn ti ṣẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ, ewé kì í sì í pẹ́ nínú omi, nítorí náà kò ní ìdí láti kọ́ bí a ti ń bá àrùn àmì dúdú jà.

Irú nǹkan kan bí èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu ló ń fa àrùn náà. Ó fẹ́ràn ooru tí kò pọ̀ jù, bíi ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì nílò kí ewé tutù fún bíi wákàtí méje kó tó wọlé. Òjò alẹ́ kan ti tó. Bí ewé bá ti ń já lọ́pọ̀ ìgbà, igi kò ní oúnjẹ mọ́, á sì rọ. Àìlera yìí bá àwọ̀ wúrà náà tàn kálẹ̀ nínú ìran àwọn róòsì tó tẹ̀ lé e, àwọn olùtajà sì wá di ẹni tí ń ta igi pẹ̀lú oògùn tí a ó máa fín sí i. Ẹni tí kò bá lówó oògùn, kó gbàgbé róòsì. Ìyẹn ni wọ́n fi kọ́ àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn Tíì àtijọ́ kò mọ̀ pé a ti gbàgbé wọn. Ní erékùṣù Bermuda àti ní gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, wọ́n wà níwájú ilé tí onílé ti kú, láìsí ẹni tí ń bomi rin wọ́n. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn olólùfẹ́ róòsì ní Bermuda dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1954, wọ́n sì ń fi orúkọ ọgbà tàbí àdúgbò tí wọ́n ti rí àwọn igi tí orúkọ wọn ti sọnù pè wọ́n. Ní Texas, láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rin ibojì àti ẹ̀gbẹ́ títì kiri, wọ́n ń gé ẹ̀ka róòsì tí wọ́n bá rí láti rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ pé olè ni àwọn, àmọ́ èyí tó mọ́yán lórí nínú wọn a máa tọrọ àṣẹ kó tó gé e.

Yunifásítì Texas A&M náà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́nà tiwọn. Wọ́n gbin oríṣiríṣi róòsì sí oko ìdánwò, wọn kò fín oògùn sí i, wọn kò fún un ní ajílẹ̀. Lára àwọn tó yege ni Mutabilis láti ilẹ̀ Ṣáínà àti Mrs. Dudley Cross, Tíì kan tí kò lẹ́gùn-ún púpọ̀. Belinda's Dream, tí ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò kan, Robert Basye, mú jáde, bá wọn yege, ó sì fi hàn pé kì í ṣe àtijọ́ nìkan ló dára.

Knock Out ni tuntun tó gbayì jù. William Radler ló bí i ní Wisconsin, ìpínlẹ̀ olótùútù, ó sì dé ọjà ní ọdún 2000. Àmì dúdú kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbìn ín sí gbogbo etí ọ̀nà àti iwájú ilé ìtajà, àrùn mìíràn tí kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé kiri rí oúnjẹ jẹ. Àrùn yìí, tí wọ́n ń pè ní rose rosette, kò ní oògùn. Àfi kí wọ́n hú igi náà jù nù.

Ní Florida, ilẹ̀ ni ìṣòro tún wà. Iyanrìn ibẹ̀ kún fún àwọn aràn kékeré tí ń jẹ gbòǹgbò, èyí ló mú kí àwọn àgbẹ̀ máa lẹ ẹ̀ka róòsì mọ́ gbòǹgbò Fortuniana, igi kan tí Robert Fortune mú wá láti Ṣáínà ní nǹkan bí ọdún 1850. Lórí gbòǹgbò yìí, róòsì tí ì bá kú láàárín ọdún mélòó kan a máa dàgbà di igbó.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn níbẹ̀ kì í gbin róòsì súnmọ́ra, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín ewé kọjá. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń bomi rin ín, ìdí igi ni wọ́n sì ń da omi sí, wọn kì í dà á sórí ewé. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gé Tíì kúrú bí wọ́n ti ń gé ti ìgbàlódé, nítorí inú ẹ̀ka rẹ̀ àtijọ́ ni agbára rẹ̀ wà. Ní Bermuda, nígbà tí ẹ̀rùn ooru bá rọlẹ̀, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù karùn-ún, ni wọ́n máa ń tanná jù. Nígbà Kérésìmesì, tí òtútù bá mú àwọn ọgbà Ìlú Ọba, òdòdó Parsons' Pink a máa tanná níbẹ̀.