Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Ojú Irin ní Agbègbè Bàrúwà

Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti sọ ọ̀pọ̀ ojú irin tí a pa tì di ọ̀nà ìgbafẹ́ fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ti Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà rélùwéè tó gba Agége, nítòsí Bàrúwà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1896, kò tíì di àpatì. Láti 2024 sì ni ọkọ̀ Red Line ti ń kó èrò gba ibẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin kò lè dúró lójijì, kò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe gun kẹ̀kẹ́ lójú irin. Orí afárá ni kí ẹ gbà sọdá. Ẹ̀yin òbí, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín, pàápàá nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn rélùwéè lè ṣèbẹ̀wò sí Jaekel House, ilé ọdún 1898, ní Ẹ̀búté Mẹ́ta.