Owó Ìwòsàn Láti Ayé Ìwọ̀fà

Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé ìlera ni oògùn ọrọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí, nítorí ojú wọn ló ṣe bí àìsàn oṣù kan péré ti ń sọ ẹni tó lóko lọ́tùn-ún, tó lóko lósì, di ẹni tí ń fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ dógò. Àṣà ìwọ̀fà yìí, èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kì í ṣe nítorí òkú sísin tàbí ìyàwó gbígbé nìkan. Bí onísègùn bá béèrè ewúrẹ́, ohun ètùtù àti owó ẹyọ, tí ilé kò sì ní, ọ̀dọ̀ olówó ni wọ́n ń gbà lọ. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni, kò dín owó ẹyọ kan kù nínú gbèsè náà. Aláìsàn lè ti gbádùn, kó ti máa jó lágbo ijó, kí ọmọ rẹ̀ ṣì máa kọ ebè lóko olóko.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan pé èsúsú ni adójútòfò ìlera ti àwọn baba wa. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá dá ni a ó kó nínú èsúsú, kò lé, kò dín. Bí àìsàn bá dé kó tó kàn ọ́, wàá bẹ olórí èsúsú kó jẹ́ kí o kó tìrẹ ṣáájú, wàá sì máa dá a lọ bó o bá ti dìde. Àárọ̀, tí Lísàbí fi kó àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó dìde sí àwọn aṣojú Aláàfin, lẹ́wà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gbé ọkọ́ mọ́ kò ní ohun tí yóò fi san àárọ̀ padà. Agbo ilé nìkan ló ń gbé ẹrù ẹni tí kò lè san án, agbo ilé náà sì kéré jù: nígbà tí Olóde, àrùn ṣọ̀pọ̀nná, bá wọlé, orí ẹní kan náà ni aláìsàn àti ẹni tí ìbá ràn án lọ́wọ́ jọ ń sùn.

Ohun tó ju agbo ilé lọ ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dáwọ́ lé ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, láàárín ọdún 1952 sí 1959, nígbà tí wọ́n ní ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ kò gbọdọ̀ sanwó ìwòsàn. Owó orí àti èrè orí kòkó ló ń gbé e, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tí kò lọ́mọ rárá ń bá wọn wo ọmọ ọlọ́mọ láìmọ̀. Ní 1962, ọmọ Lísàbí kan, Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera, gbé àbá adójútòfò ìlera lọ síwájú ilé aṣòfin àpapọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òun wò ó lókèèrè, ṣùgbọ́n àbá náà kò dòfin, rògbòdìyàn ìṣèlú sì gba gbogbo ilẹ̀ ní ọdún náà gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun alára ni wọ́n rán wá di ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mú.

Ìwòsàn ọ̀fẹ́ tún padà ní 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ti Awólọ́wọ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn ológun fi lé wọn. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, tówó ìjọba gbẹ, ilé ìwòsàn di ibi tí wọ́n ti ń kọ òwú, abẹ́rẹ́ àti ìbọ̀wọ́ fún aláìsàn pé kó lọ rà wá. Láti ìgbà náà la ti ń gbọ́ nípa ìyálọ́mọ tuntun tí wọ́n ní kó jókòó sí wọ́ọ̀dù títí ará ilé rẹ̀ yóò fi sanwó, tí owó bẹ́ẹ̀dì sì ń gorí gbèsè lójoojúmọ́. Ìwọ̀fà tilẹ̀ ń fi iṣẹ́ san èlé o. Ti ìyálọ́mọ yìí, ìjókòó rẹ̀ gan-an ló ń bí èlé.

Ọdún 1999 ni òfin adójútòfò tó wáyé, 2005 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ tó ṣí ètò náà. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 5 nínú 100 ìpìlẹ̀ owó-oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10 lé e, kí ọkọ tàbí aya pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dára fún akọ̀wé ìjọba. Ṣùgbọ́n ta ni agbanisíṣẹ́ ìyá aláta, ta ni ti kanlékanlé àti ti awakọ̀? Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà, síbẹ̀ àwọn tó wà lábẹ́ ètò náà kò tíì pé ìdá kan nínú mẹ́wàá àwa ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn, bí Èkó ti ṣe Ìlera Èkó. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2022, òfin tuntun ti ìjọba àpapọ̀ sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ tí yóò máa sanwó fún aláboyún, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, abirùn àti aláìní. Ẹni tí yóò máa kó owó dandan náà lọ́wọ́ ìyá aláta ní ẹnu ìsọ̀ rẹ̀, òun ni wọn kò tíì rí.