Ta ló máa bá wa gbé ọjà dé òkè òkun? Ìtàn Màkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù àti NEPC

 

Bí àsìkò kajú bá ti dé báyìí, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa: "Ṣebí ìjọba ní àjọ tó ń rí sí ọjà òkè òkun. Kí ló dé tí wọn ò wá ra tiwa?" Ìbéèrè náà dáa. Àmọ́ inú ìtàn ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Àjọ tó ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti wà rí, ó ti kógbá sílé. Èyí tó wà báyìí, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì á kàn jókòó máa retí ohun tí kò ní dé.

AYÉ MÀKẸ́TÌN BỌ́Ọ̀DÙ

Nígbà ogun àgbáyé kejì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ ra kòkó wa. Ní 1947 wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954 wọ́n pín iṣẹ́ náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ti Ìwọ̀ Oòrùn bọ́ sí Ìbàdàn.

Àgbẹ̀ kì í fojú kan òyìnbó tó ń ra kòkó. Alágbàtà tó ní láísẹ́ǹsì ló ń rà á, ní iye tí Bọ́ọ̀dù ti kéde. Olùyẹ̀wò ìjọba á wá, á bu kòkó nínú àpò, á là á wò, á pín in sí gíréèdì. Èyí tí kò bá gbẹ, ẹ dá a padà sínú oòrùn nìyẹn.

Àgbẹ̀ jàǹfààní níbẹ̀: ó mọ iye tó máa gbà, ó sì mọ̀ pé ọjà tí kò dáa kò ní kọjá. Àmọ́ Bọ́ọ̀dù kì í fún un ní gbogbo owó tí kòkó bá pa lókè òkun. Wọ́n ń yọ lára rẹ̀ pamọ́, wọ́n ní torí ọjọ́ tí iye bá já wálẹ̀ ni. Nígbà tó yá, owó ìpamọ́ yẹn di owó tí ìjọba fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Owó kòkó ló kọ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965. Ìlú jẹ níbẹ̀, àmọ́ àgbẹ̀ ń ráhùn. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969, owó orí ni ariwo pọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn wà lára ẹjọ́ tí wọ́n rò.

NEPC DÉ, BỌ́Ọ̀DÙ LỌ

Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì gbòde, ojú ìjọba sì kúrò lára oko. Ìgbà tó hàn pé orílẹ̀-èdè ò lè máa gbọ́kàn lé ohun kan ṣoṣo, ìjọba ológun ṣe òfin nọ́ńbà 26 ti ọdún 1976, wọ́n fi dá àjọ tó ń gbé ọjà Nàìjíríà lárugẹ lókè òkun sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NEPC. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún bọ́ọ̀dù tò sí méje, oríṣi irè oko kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Bọ́ọ̀dù ń rà, NEPC ń wá ọ̀nà ọjà.

Ní 1986, nígbà tí ìjọba Babangida mú ètò SAP dé, wọ́n fagi lé gbogbo bọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè ra kòkó kó sì gbé e lọ. Owó tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ fò sókè. Àmọ́ ìyẹ̀wò dẹ̀. Àwọn kan ń ra kòkó tútù, torí wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíì rà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń rà á lókè òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé.

NEPC ló kù. Àmọ́ kò ní òsùwọ̀n lọ́jà, kò sì ń ra irè oko. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti forúkọ àwọn tó ń ta ọjà sókè òkun sílẹ̀, láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di ọjà, láti kó wọn lọ sí ibi ìpàtẹ ọjà, kó sì bá wọn wá ẹni tó máa rà. Nígbà tí iye epo já wálẹ̀, ní 2016, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ pé ká múra sílẹ̀ de ìgbà tí a ò ní gbára lé epo mọ́. Nínú ìṣirò wọn, ọjà tí kì í ṣe epo tó jáde ní 2024 lé ní bílíọ̀nù 5.4 owó dọ́là. Kòkó àti kajú wà lára àwọn tó léwájú.

OHUN TÍ ÀJỌ Ò LÈ BÁ WA ṢE

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ní oṣù Kẹfà 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà. Wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀, oògùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ ota-piapia. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà ni míligíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá wà láàárín 0.03 sí 4.6. Wọ́n sì ń sún òfin náà síwájú lẹ́yìn ìgbà náà. Àgbẹ̀ tí kò fi oògùn kan ẹ̀wà rẹ̀ rí, ilẹ̀kùn tì mọ́ òun náà. Kò sí ìpàtẹ ọjà tí NEPC lè lọ tó máa fọ oògùn kúrò lára ẹ̀wà. Ọwọ́ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ nílé ni iṣẹ́ yẹn wà.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa:

1. Kajú: ẹ má já a lórí igi. Ẹ jẹ́ kó jábọ́ fúnra rẹ̀, ẹ ṣà á kíákíá, ẹ yọ èso kúrò, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àpò ìdọ̀họ ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá, torí ooru inú ọ̀rá máa ń bà á jẹ́.

2. Ẹ̀wà: ẹ fi ota-piapia sílẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ máa ń pa kòkòrò láìlo oògùn. Ẹ kàn rí i pé ẹ̀wà gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ sì so ẹnu rẹ̀ le.

3. Ẹ kóra jọ. Àpò márùn-ún ò lè kún kọ̀ǹténà, ọjà tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ló ń wọ̀ ọ́. Kí òmìnira tó dé ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń kó kòkó pọ̀ tà nílẹ̀ Yorùbá. Ẹgbẹ́ tó bá ní ìwé CAC lè gba ìwé ẹ̀rí NEPC. Báńkì á bá a ṣe fọ́ọ̀mù NXP, àjọ NAQS á yẹ irè oko wò, á fún un ní ìwé tiẹ̀.

4. Oníṣòwò, ẹ má fi owó kan náà ra gbígbẹ àti tútù. Bí èyí tó gbẹ ò bá pa owó jù, ta ló máa tún forí ti oòrùn?

Bọ́ọ̀dù tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa ti lọ láti 1986. Àwa fúnra wa ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ ọjà wa wò, kó tó di pé a ké sí NEPC pé kó wá bá wa wá ẹni tó máa rà á.

Irè oko wa ò ní já sí òfo o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ẹgbẹ́ ní Ìbàràpá, ẹ sọ fún wa bẹ́ ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n.