Kànga Epo ti Jámánì àti ti Aráròmí

Àwa tí a ń gbé Hamburg kì í sábà rántí pé gáàsì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1910, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ kànga omi ní Neuengamme. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ dé nǹkan bíi mítà 245, gáàsì ni wọ́n bá. Ó gbiná, ó sì jó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó rí i pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi páìpù fa gáàsì náà wọ ìlú. (Lónìí, àgọ́ tí àwọn Nasi ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni orúkọ Neuengamme ń mú wá sọ́kàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.) Ní 1910 yìí kan náà ni wọ́n parí irin ràgàjì Schöneberg tí wọ́n ń tọ́jú gáàsì sí, èyí tí àwọn ará wa ní Berlin mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1995, wọn kò wó o.

Ṣùgbọ́n Wietze, lẹ́bàá Celle, ló wù wá jù. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń bu ọ̀dà nínú ilẹ̀ láti ayébáyé. Ní 1858, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hunäus gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Èédú ló ń wá, epo ló rí. Èyí ṣáájú kànga Drake ti 1859 tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń yangàn. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró ní 1963, nígbà tó sì di 1970, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé epo síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́.

Kí ni èyí kàn wá? Wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú wa pé àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ wá epo ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Aráròmí ní agbègbè Òkìtìpupa, ní 1908. Àwọn kan nínú wa a tilẹ̀ máa fi sọ̀rọ̀ níwájú àwọn onílé wa níhìn-ín. Ṣùgbọ́n London ni wọ́n ti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, Nigerian Bitumen Corporation, sílẹ̀, John Simon Bergheim sì ni olórí rẹ̀. Bóyá orúkọ Bergheim tó dún bíi ti Jámánì ló fa àṣìṣe náà. Ó kú ní 1912. Ogun 1914 sì fòpin sí iṣẹ́ ọ̀hún.

Ohun tí a pàdánù ju orúkọ olówó lọ. Àwọn èèyàn wa tó la igbó, tó ru irin dé ibẹ̀, orúkọ wọn dà? Kànga kan ṣì wà ní Agbábù tí wọ́n ń pè ní NBC-7, tí ọ̀dà ń ti ẹnu rẹ̀ yọ. Àwọn onímọ̀ ti bu nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ọ̀dà nìkan ni wọ́n ń bù. Oloibiri pàápàá, níbi tí wọ́n ti rí epo ní 1956, òkúta ìpìlẹ̀ tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi lélẹ̀ ní 2001 dá wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

A bẹ àwọn ọmọ Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀ àti Oǹdó tó wà nínú ẹgbẹ́ wa: bí ẹ bá lọ sílé, ẹ bi àwọn àgbà ohun tí àwọn òbí wọn sọ nípa òyìnbó tó wá gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ abúlé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé.